Ìbora Tí Wọn Kò Rán Tán

Télọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já òwú ìgbẹ̀yìn ni ìyá arúgbó kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Rosettenville, tó sì dúró ti aṣọ ìbora tó tẹ́ sórí tábìlì.

"Eish, ọmọ mi, níbo lo ti rí èyí?"

"Inú ẹrù òkìríkà tí mo rà ni, Gogo," ni télọ̀ dáhùn, bí wọ́n ti ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. "Wọn ò tíì rán an tán nígbà tí mo rà á."

Àwọn tí kò mọ̀ rí ló to àjákù aṣọ pọ̀ dé ìdajì ìbora náà, tí wọ́n sì pa á tì. Oṣù mẹ́rin ni télọ̀ fi rán ìyókù. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kì í fẹ́ tètè lọ sílé mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀.

"Ìyá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀," ni ìyá arúgbó náà wí. "Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi."

Bó bá jẹ́ òótọ́, télọ̀ á ní láti dá a padà fún un.

"Èwo ni tiwọn níbẹ̀?"

Ìyá náà fi ìka pa àjákù aláwọ̀ ewé kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Òun nìyí. Aṣọ ọjọ́ ìsinmi wọn."

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló gé àjákù yẹn lára bùbá ọkọ rẹ̀ lánàá, tó sì rán an mọ́ ọn.

Ó wá fa àga kan sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ jókòó, Gogo. Irú èèyàn wo ni ìyá yín?"