Wáyà Tí Olùdásílẹ̀ Fà Yọ

"Bí mo bá fa wáyà yìí yọ, ariwo tí àwọn oníbàárà máa pa lónìí, adití á gbọ́!"

Olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì náà, tí wọ́n lé lánàá, fà á yọ fàà. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ rọ́rọ́.

Máníjà tó gbapò rẹ̀ sáré wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa wá!"

"Ìwọ tí mo kọ́ níṣẹ́, tí o wá lé mi bí ẹni ń lé adìyẹ! Jẹ́ kí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ná."

Wọ́n dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Fóònù ò fọhùn.

"Ẹ jókòó, sà," ni akọ̀wé wí láìgbójú sókè. "Àràárọ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì wa máa ń kú báyìí. Àwọn oníbàárà ò lè mọ̀ pé tòní yàtọ̀."