Agogo Ọdún Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ tí Tryphena kó lọ sínú igbó nìyí: Mehitable, ìyá rẹ̀, Asahel, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àti Thirza, tí òun àti Tryphena jọ jẹ́ ìbejì, tí ikọ́ ti ń bá fínra láti ìgbà ìkórè.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú ló wí pé ariwo ayé kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ara rẹ̀, pé nínú igbó, lóun nìkan, ni yóò ti rí ara rẹ̀.

"Ẹ má wá pè mí o," ni Tryphena wí. "Bí ẹ tilẹ̀ pè mí, mi ò ní dáhùn títí yìnyín á fi yọ́."

Thirza wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ń sá fún eku! Lọ jàre. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ọ nílé, mi ò ní pè ọ́. O máa sáré wá ni."

"Thirza, ẹnu ẹ mú jù," ni Mehitable wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú òtútù, ojú ọ̀run ṣú sórí adágún tó wà láàárín ìlú àti ahéré Tryphena nínú igbó. Ẹyẹ kankan kò ké. Yìnyín àná ti tẹ òrùlé ahéré náà kọdọrọ bí ohun tó fẹ́ wó. Ẹ̀rù ń ba Tryphena, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé olùkọ́ ni ẹ̀rù náà, nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún láti ìlú.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Iye tí wọ́n ń lù bí obìnrin bá kú nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni agogo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún òkú, bí ìṣe ìlú wọn. Tryphena ń gbàdúrà pé kó kọjá ọgọ́ta, kó jẹ́ arúgbó kan. Ṣùgbọ́n agogo náà ń falẹ̀, ó ń dá dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé èémí ń tán lára ẹni tó ń fa okùn. Tryphena rò pé ẹkún ló ń gbọn Asahel.

Ó dúró lórí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Obìnrin méjì péré ló jẹ́ ọmọ ọdún bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà. Ọ̀kan ló dúró nínú ahéré yìí.

Kò mú ìborùn. Ó sáré gba orí adágún, omi dídì ń sán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, yìnyín ń dà sí i lójú. "Thirza, dúró dè mí!" Ohun kan wó gbì lẹ́yìn rẹ̀ ní ìhà ahéré, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó kọ́kọ́ gbé etí lé ilẹ̀kùn kó gbọ́ bóyá wọ́n ń sunkún.

Ó dára, Keziah ọmọ-ọmọ mi, etí adágún yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà, ojú ọ̀run sì ti ṣú: sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lu agogo lẹ́ẹ̀mẹfà, kí o wá lu iye ọdún tèmi Thirza, ṣùgbọ́n fà á kó dún geere, má fà á bí èmi tí mo fà á lọ́jọ́ náà láti fi pe Tryphena sílé, tí ikọ́ ń dá mi dúró lẹ́nu okùn, kí o sì tètè padà wá gbé ẹ̀wà kaná, torí ebi á máa pa ẹ̀gbọ́n rẹ tó bá dé.