Èrò Ẹ̀yìn Òṣèré

Obìnrin kan tó máa ń kó àwòrán sinimá àtijọ́ jọ dédé dáwọ́ dúró nídìí páálí ọ̀gbẹ́ni Bréchet tó ń ta àwòrán, lọ́jà òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ní Nantes, nílẹ̀ Faransé. Ó gbá àwòrán kan mú, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ́ sẹ́nu ọ̀nà sinimá.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ kó mí o!" ni Bréchet fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn pa."

Obìnrin náà ò gbọ́. Láàárín èrò tó wà lẹ́yìn òṣèré, Odile ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí, pẹ̀lú àpá iná tó wà lágbọ̀n rẹ̀.

"Ìgbà wo ni wọ́n ya fíìmù yìí?"

"Lọ́dún 1963, ní Marseille. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan níbẹ̀ ni?"

Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ni odò Loire gbé Odile lọ. Wọn ò rí òkú rẹ̀; pósí òfìfo ni wọ́n sin.

Ó sáré wọ ilé kọfí, ó tẹ bàbá rẹ̀ láago.

"Papá, mo rí àwòrán fíìmù kan tí wọ́n yà ní Marseille..."

Kó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, bàbá arúgbó náà mí kanlẹ̀.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ sanra níbẹ̀?"