Aṣọ Tó Gba Ojú Bàbá

Tomoe fi omi gbígbóná rin aṣọ ṣẹ́dà funfun, ó fún un, ó sì tẹ́ ẹ bo ojú bàbá rẹ̀, àgbà òṣèré kàbúkì, eré orí ìtàgé ilẹ̀ Japan, tí àbúrò Tomoe ọkùnrin fẹ́ jogún orúkọ àti ojú rẹ̀ lónìí.

"Tẹ iwájú orí dáadáa," ni bàbá wí. "Ibẹ̀ ni ìbínú mi wà. Àbúrò rẹ tí ojú rẹ̀ ń dán bí ẹyin yẹn ò mọ̀ ọ́n bínú."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀ fún yín, bàbá."

"Ṣé torí tìẹ ni àwọn èèyàn ṣe ń wá wòran? Kó gbogbo ẹ̀!"

Tomoe fi àtàǹpàkò tẹ igun ẹnu bàbá méjèèjì, ó ṣí aṣọ náà, ó sì lọ tẹ́ ẹ bo ojú àbúrò rẹ̀.

Ìjókòó iwájú nílé eré ni wọ́n fi san owó iṣẹ́ Tomoe. Láti ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀rín bàbá rẹ̀ lójú àbúrò rẹ̀, tó ń rín in sí ẹgbẹ̀rún àlejò. Bàbá jókòó ti Tomoe, ojú rẹ̀ mọ́ bí àwo tí ajá lá tán.