Ọ̀gá Tó Kọ̀ Láti Fi Àjálù Dánra Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ ka ìtàn yìí tán pátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ka ìdajì rẹ̀ yóò rò pé àdúrà ni à ń bá jà. Àdúrà kọ́ o.

1.
Ládélé jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì kan, tí a kò ní dárúkọ, ní Dagenham ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bójú tó àwọn arúgbó tó ń dá gbé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àgbà ìjọ Aládùúrà sì ni. Bí ó bá ń gbàdúrà, ẹni tó ń tòògbé nínú ìjọ á jí.

Lọ́dọọdún, ìwé máa ń wá látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá òkè pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé iná ti lọ, kọ̀ǹpútà ti kú, kí kálukú fi iṣẹ́ tó máa ṣe dánra wò. Wọ́n ní kí wọ́n tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó ń fi ẹ̀rọ iná mí sórí ìwé, kí wọ́n sì máa tún un tẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Michelle, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí síbí, ni igbákejì rẹ̀. Òun ló ka ìwé náà sétí gbogbo wọn: "Iná ti lọ. Ìyá àgbà kan tó ń lo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń kú lọ."

Ládélé dá a dúró. "Ìyá ta ló ń kú lọ?"

"Kì í ṣe ìyá ẹnì kankan, Uncle. Practice lásán ni."

"A kì í fi ikú ṣe practice. Ohun tí èèyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè ló ń jẹ́ ẹ. Bàbá rẹ ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"Bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa de bẹ́líìtì nínú mọ́tò. Wọn ò sì fi ìyẹn pe jàǹbá."

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun Ládélé, ó dùn ún dé egungun.

"Ó tó. Nínú ọ́fíìsì tèmi, a ò ní ṣépè fún ara wa."

Ó sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìdúpẹ́. Wọ́n kọrin, wọ́n jẹ mítípáì, ó sì buwọ́ lu ìwé pé àwọn ti fi dánra wò. Báyìí náà ló ṣe ní ọdún kejì. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, Michelle ò tiẹ̀ ka ìwé náà sókè mọ́.

2.
Ìyá Àdùnní, tí Àdùnní jẹ́ oríkì òun fúnra rẹ̀, wà nínú àwọn tí ọ́fíìsì yìí ń bójú tó. Ìjọ kan náà ni òun àti Ládélé. Ẹ̀rọ oníná ló ń fún un ní afẹ́fẹ́ nínú ilé. Wọ́n fún un ní sìlíńdà afẹ́fẹ́ kékeré kan fún ìgbà tí iná bá lọ, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ.

Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Valence Park. Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n gbé e lọ sí ilé mìíràn ní Goresbrook.

"Mo ti kó lọ sí Goresbrook o, ọmọ mi," ló sọ fún Ládélé lẹ́yìn ìsìn. "Òkè kẹrin. Mo ń rí gbogbo ojú ọ̀run."

Ládélé súre fún ilé tuntun náà. Kò béèrè nọ́ńbà ilé náà, torí ó wà nínú kọ̀ǹpútà.

3.
Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, tí òtútù ń já bí abẹ, iná lọ káàkiri Dagenham ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kọ̀ǹpútà kú. Fóònù inú ilé àwọn èèyàn náà kú.

"Michelle, mú ìwé orúkọ wá."

"Ìwé wo, Uncle?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó béèrè ni.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń ro orúkọ látorí. Nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tirẹ̀, èèyàn mẹ́ta sáré lọ sí ilé bàbá kan ṣoṣo, nígbà tí ẹnì kankan ò dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Aago mọ́kànlá kọjá kí Ládélé tó rántí Ìyá Àdùnní. Ó wa mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ sì darí rẹ̀ lọ síbi tó mọ̀, ilé àtijọ́ ní Valence.

"Ìyá yẹn ti kó lọ," ni ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn wí. "Wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún mi."

Ó pe Moṣọpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí. Ilé ìdáná ọsibítù ni Moṣọpẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í mú fóònù wọ ibẹ̀. Ládélé bá sáré lọ sí Goresbrook, ó ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ìyá Yorùbá kan níbí?" Aago méjì lù kí Moṣọpẹ́ tó gbé fóònù, kó tó sọ nọ́ńbà ilé fún un.

Ilẹ̀kùn kò tì. Ìyá ti ṣí i sílẹ̀ dè wọ́n. Ó jókòó sójú fèrèsé, ó ti wọ kóòtù, ó ti wé gèlè, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Sìlíńdà ti tán. Ìyá náà ti lọ.

Moṣọpẹ́ dé pẹ̀lú épírọ̀ọ̀nù iṣẹ́ lára. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ti tutù.

"Bọ̀ọ̀dá Ládélé, mo ní kí Máámi wá bá mi gbé títí òtútù yìí fi máa lọ. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n má dààmú, pé ẹ̀yin lẹ wà ní ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n ní tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ mọ ibi tí àwọn wà."



4.
Nígbà tí àwọn ọ̀gá òkè pè é láti wá ṣàlàyé, wọ́n tẹ́ ìwé mẹ́ta tó buwọ́ lù síwájú rẹ̀. "Ṣé ẹ ṣe é?"

"A ò ṣe é."

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń pa á lẹ́kún. Bí wọ́n bá ní kó gbàdúrà fún àwọn arúgbó nínú ìjọ báyìí, á dìde, á la ẹnu, ohùn ò ní jáde, á sì tún jókòó.

Ẹ̀yin tó wà nípò, mo bẹ̀ yín, ẹ má buwọ́ lu ohun tí ẹ kò ṣe. Ìdánrawò kì í ṣe èpè. Ẹni tó gbàdúrà kí òjò má pa òun, tó tún mú agboorùn dání, kò ṣẹ Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú ẹ̀rọ nìkan ni àdírẹ́sì wọn wà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kìlọ̀ fún Ládélé, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.