Aṣọ Tó Ti Mẹ́kà Wá

Wọ́n ti gbé òkú Ìyá Àtàndá sínú pósí mọ́sálásí nígbà tí Àtàndá da aṣọ Mẹ́kà bò ó. Aṣọ tí bàbá rẹ̀, Àlàájì, mú bọ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni, òun ni wọ́n sì fi ń bo pósí gbogbo òkú ilé wọn ní Òkèrèwè.

Ayálégbé wọn, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì, kò rí i rí. Ó wo àwọ̀ dúdú, ewé àti aró, pẹ̀lú oṣù àti ìràwọ̀ funfun láàárín. Ó tẹ̀ sí etí Àlàájì tó jókòó lórí àga.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àsíá kọ́ nìyí? Ti àwọn ìlú Lárúbáwá tí òyìnbó so pọ̀ nítòsí Ádẹ́nì létíkun, tó jìnnà sí Mẹ́kà?"

Arúgbó náà kò wojú rẹ̀. "Ṣé ìlú náà ṣì wà?"

"Ó ti túká tipẹ́, Bàbá. Kò tiẹ̀ lò tó ọdún mẹ́wàá."

Wọ́n gbé pósí. Àlàájì rọra dìde, ó nà ró bíi ṣọ́jà, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún kan iwájú orí. Gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Àtàndá fi ìgbọ̀nwọ́ gún ayálégbé.

"Gbé tìẹ náà sókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Mẹ́kà nìyẹn. Bàbá ló kọ́ wa."

Àlàájì ti yíjú sí ayálégbé báyìí, ó ń wò ó, kò ṣẹ́jú.

Ayálégbé gbé ọwọ́ sókè.