Òòlù Lórí Irin

Ojú irin tó gba orí òkè Elérin kọjá ni bàbá mi, tó máa ń fi òòlù tún irin ṣe, kú sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́ láti ogún ọdún. N kò ní àwòrán bàbá mi kankan, mo sì fẹ́ ya ibẹ̀ kí n lè ní nǹkan kan lọ́wọ́.

"Bùrọ̀dá, ẹ tètè yà á, ilẹ̀ ń ṣú," ni Lánlókun, ọlọ́kadà tó gbé mi wá, wí. "Ọ̀kadà mi ò níná, ojú mi nìkan ni mo fi ń wà á."

Mo fi òkúta lu irin lẹ́ẹ̀mejì, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ní kékeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni "mo wà níbí". Ẹ̀ẹ̀mẹta ni "kúrò lójú irin".

Láti inú igbó níwájú, òòlù dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Omijé bọ́ lójú mi.

"Wọ́n ti hú gbogbo irin apá ibẹ̀ yẹn lọ," ni Lánlókun wí, ó ń ti ọ̀kadà rẹ̀ sẹ́yìn.

Òòlù náà tún dún, lẹ́ẹ̀mẹta, tìbínú-tìbínú, ó sì ti súnmọ́ wa.

Mo gbé kámẹ́rà sójú. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ya ẹyọ kan péré."

Gbogbo igbó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni òòlù lu irin lẹ́ẹ̀mẹta, lábẹ́ bàtà mi gan-an.